Ọgbọ́n Tí Àwọn Olórin Fi Ń Mú Kí Sampler Pààrọ̀ Ìró Ìlù Fúnra Rẹ̀

Onílù kì í lu ojú awọ lẹ́ẹ̀mejì kí ó dọ́gba. Bí ó bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì tún un lù, ibi tí ọ̀pá ìlù bà lẹ́ẹ̀kejì yóò yẹ̀ díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, ọwọ́ tí ó fi fún ọsán ìlù yóò le tàbí kí ó dẹ̀ díẹ̀ sí i, ṣaworo tí ó wà létí ìlù náà yóò sì dún lọ́nà mìíràn. Àwọn àgbà tí wọ́n ní Ọlọ́run kò dá ìka dọ́gba kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ òwe. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ká ìró ìlù kan ṣoṣo sí nínú, ìró kan ṣoṣo náà ni yóò máa gbé jáde, ìbáà jẹ́ ìgbà ẹgbẹ̀rún ni ènìyàn tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ìlú bíi Òwu-Ìsin, tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsin ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ó kan Òmù-Àrán àti Èsìẹ́, ó sì kan gbogbo ibi tí kíbọ́ọ̀dù ti ń bá ìlù jókòó pọ̀ nínú ilé ìjọsìn àti lójú agbo àríyá. Bí iye onílù kò bá tó, ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń ní kí ó lu ìlù tí ó kù. Kì í pẹ́ tí etí fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn olórin káàkiri ayé ti wá ọgbọ́n sí i láti ìgbà pípẹ́, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọgbọ́n náà ni wọ́n sì ń gbà ṣe nípa títo ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà láti inú ẹ̀rọ kan bọ́ sínú òmíràn. Àlàyé ọgbọ́n náà nìyí, pẹ̀lú ohun tí ẹni tí yóò lò ó fún ìlù Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀.

Kí ni sampler?

Sampler ni ẹ̀rọ tí ń ká ìró sílẹ̀, tí ó sì ń jẹ́ kí olórin fi bọ́tìnnì gbé ìró náà jáde nígbà tí ó bá fẹ́. Ìró yòówù tí ìbáà jẹ́: ohùn ènìyàn, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìyáàlù. Kí ẹ̀rọ náà tó dé, téèpù ni wọ́n ń gé tí wọ́n sì ń lẹ̀ pọ̀. Àwo orin tí Brian Eno àti David Byrne gbé jáde ní ọdún 1981, My Life in the Bush of Ghosts, wà lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìwé tí Amos Tútùọlá ọmọ Abẹ́òkúta kọ ní ọdún 1954 ni wọ́n fi sọ àwo náà.

Fairlight CMI, tí Peter Vogel àti Kim Ryrie ṣe ní ilẹ̀ Australia ní ọdún 1979, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí olórin lásán lè gbé lọ. Ní ọdún 1980, Roger Linn ará Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ ìlù LM-1, tí ó ń lo ìró ìlù gidi tí wọ́n ká sílẹ̀. E-mu gbé Emulator jáde ní 1981. Ilé iṣẹ́ Akai ti ilẹ̀ Japan ni ó wá sọ nǹkan náà di ti gbogbo ènìyàn: S900 jáde ní 1986, S1000 àti MPC60 sì jáde ní 1988. Roger Linn kan náà ni ó bá wọn ṣe MPC60.

Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ yìí kò ní àyè púpọ̀. Bí ènìyàn bá lo S900 ní ipò tí ìró ti dára jù lọ, gbogbo ohun tí ó lè ká kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 12 lọ, ó sì lè gbé ìró 8 jáde papọ̀. S1000 lè gbé 16 jáde papọ̀, ó sì lè ká bí ìṣẹ́jú àáyá 23 kí wọ́n tó fi kún ìrántí rẹ̀. Àìtó àyè yìí wà lára ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ olórin máa fi ìró kan ṣoṣo ṣe gbogbo iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò fi hàn pé kò pọn dandan. Lílù dùndún kan kì í sábà ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí wọ́n bá ká ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè, tí wọ́n sì ká ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀márùn-ún, ìró 15 nìyẹn, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méje àbọ̀. S900 tí ó ti dàgbà yẹn gan-an yóò gbà á.

Kí ni MIDI?

MIDI ni èdè tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Dave Smith ti Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi, olùdásílẹ̀ Roland ní ilẹ̀ Japan, ni àwọn tí ó ṣáájú nínú iṣẹ́ náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983 ni wọ́n kọ́kọ́ fi wáyà so ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ méjì tí ó yàtọ̀ pọ̀ lójú gbogbo ènìyàn ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀kan sì gbọ́ ohun tí èkejì sọ. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Grammy fún iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ọdún 2013. MIDI 2.0 ti jáde ní 2020, ṣùgbọ́n ti 1983 náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń sọ.

Ohun tí ó yẹ kí olórin kọ́kọ́ mọ̀ ni pé MIDI kì í gbé ìró. Iṣẹ́ ni ó ń jẹ́, bí ìgbà tí ọba bá rán ẹmẹsẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì lórí kíbọ́ọ̀dù, ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ní nínú. Èkìn-ín-ní ni ọ̀nà tí iṣẹ́ náà ń gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣánẹ́ẹ̀lì. Ọ̀nà 16 ni ó wà nínú wáyà kan. Èkejì ni nọ́ńbà bọ́tìnnì tí a tẹ̀, láti 0 títí dé 127. Ẹ̀kẹta ni agbára ìtẹ̀, ìyẹn bí ọwọ́ ṣe le tó, láti 1 títí dé 127. Bí ènìyàn bá gbé ọwọ́ kúrò, iṣẹ́ mìíràn yóò tún lọ láti sọ pé ó ti gbé e kúrò. Iṣẹ́ kan kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ láti dé ibi tí ó ń lọ.

Ihò mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. In ni ibi tí iṣẹ́ ń gbà wọlé, Out ni ibi tí ó ń gbà jáde, Thru sì ni ibi tí ẹ̀rọ ti ń ta ohun tí ó gbọ́ látàrí sí ẹlòmíràn láìfi ọwọ́ kàn án.

Àwọn Ìgbómìnà ní ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ nípa orúkọ wọn: pé àdá kan tí ń jẹ́ Ogbó ni ó ń la ọ̀nà níwájú àwọn baba ńlá wọn, àti pé inú ọ̀rọ̀ náà, Ogbó mọ̀nà, ni orúkọ Ìgbómìnà ti jáde. Nínú iṣẹ́ MIDI náà, ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà ni yóò dé ibi tí ó ń lọ. Ìró kan náà ni gbogbo ènìyàn lè ní. Ibi tí wọ́n gbé e gbà ni ó máa ń yàtọ̀.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Bí ó bá jẹ́ dírọ́ọ̀mù òyìnbó nìkan ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àtúnlù ìró kan ṣoṣo kò ju pé kò dùn létí lọ. Ìró náà yóò máa lọ wéréwéré bí ìbọn arọ̀jò-ọta, ènìyàn yóò sì mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n ìlù Yorùbá ń sọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba, tí ó kú ní ọdún 2020, kọ odindi ìwé lórí dùndún, tí ó jáde ní 1990, nítorí pé ìlù náà tó ohun tí a ń kọ ìwé lé lórí. Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè ni onílù fi ń tẹ̀lé ohùn ẹnu.

Nínú èdè Yorùbá, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Ọ̀kan ń gbé ìyàwó, ọ̀kan ń ro oko, ọ̀kan ń gbé èrò, ọ̀kan sì ni wọ́n fi ń jagun. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń pààrọ̀ ìró láìbìkítà, tí ó fi ohùn òkè sí ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ yẹ kí ó wà, kì í ṣe pé ìlù náà kò dùn, ohun tí ó sọ ni ó ti yí padà. Oríkì ìdílé lè di ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀, tàbí kí ó di èébú níwájú onílé. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí ẹ̀ka èdè wọn ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń gbà gbé ohùn, kò yẹ kí wọ́n ro pé ìlù tí wọ́n ká ní ibòmíràn fún gbólóhùn ibòmíràn yóò bá ẹnu ará ìlú mu.

Nítorí náà, òfin kan wà tí ó ṣáájú gbogbo ọgbọ́n: ìró tí yóò máa pààrọ̀ ara wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ohùn kan náà. Ohùn òkè márùn-ún lè máa pààrọ̀ ara wọn. Ohùn ìsàlẹ̀ márùn-ún lè máa pààrọ̀ ara wọn. Òkè kò gbọdọ̀ wọ inú ìsàlẹ̀ láé. Nígbà tí wọ́n bá ń ká ìró náà sílẹ̀, kí onílù di ọsán mú síbi kan náà fún ohùn kan, kí ó sì lù ú lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìyí ọwọ́ padà. Ìyàtọ̀ tí a ń wá yóò wá fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mẹ́ta ni a ó ṣàlàyé níhìn-ín, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní irú ìlù tí ó bá a mu jù.

Ọ̀nà kìn-ín-ní: agbára ìtẹ̀

Èyí ni ó rọrùn jù. Ọ̀pọ̀ sampler lè gba ju ìró kan lọ sórí bọ́tìnnì kan, kí ó sì fi agbára ìtẹ̀ mọ èyí tí yóò gbé jáde. S1000 gba ìró mẹ́rin bẹ́ẹ̀. Olórin yóò pín agbára ìtẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin: láti 1 dé 31 fún ìró àkọ́kọ́, láti 32 dé 63 fún èkejì, láti 64 dé 95 fún ẹ̀kẹta, àti láti 96 dé 127 fún ẹ̀kẹrin.

Lẹ́yìn èyí, yóò lọ sínú sequencer, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń rántí ohun tí a tẹ̀, tí ó sì ń tún un tẹ̀ fúnra rẹ̀. Yóò kọ agbára ìtẹ̀ àwọn lílù náà tẹ̀ léra wọn báyìí: 20, 50, 80, 110, kí ó tún padà sí 20. Wáyà yóò ti Out sequencer lọ sí In sampler. Bí sequencer bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò máa yí po.

Ìgbésẹ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Sampler sábà máa ń fi agbára ìtẹ̀ pinnu bí ìró yóò ṣe ròkè tó. Bí olórin kò bá pa èyí, ìró tí ó wà ní 20 yóò wà ní ìsàlẹ̀ bí ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èyí tí ó wà ní 110 yóò sì máa pariwo. Kí ó lọ sínú ètò sampler náà, kí ó gé okùn tí ó so agbára ìtẹ̀ mọ́ ìròkè ìró. Bí ó bá wá fẹ́ kí ìlù náà ròkè tàbí kí ó rẹlẹ̀, kí ó lo ìṣàkóso MIDI nọ́ńbà 7 tàbí 11, tí ó wà fún ìròkè.

Ohun tí ó burú nínú ọ̀nà yìí ni pé agbára ọwọ́ kò tún ní iṣẹ́ mìíràn mọ́. Ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù ú kò lè lò ó dáadáa. Agogo tàbí omele tí sequencer ń lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ó bá a mu.

Ọ̀nà kejì: arpeggiator

Arpeggiator ni apá kan lára ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù tí, bí ènìyàn bá di bọ́tìnnì mẹ́rin mú papọ̀, yóò máa tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Orin dídùn ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn olórin kan ni wọ́n wò ó, tí wọ́n rí i pé ó lè yí ìró ìlù po.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á fi ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mẹ́rin sórí bọ́tìnnì 60, 61, 62 àti 63 nínú sampler, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì tirẹ̀, wọ́n á sì rí i pé sampler kò fi nọ́ńbà bọ́tìnnì yí ìró náà sókè tàbí sísàlẹ̀. Wọ́n á so Out kíbọ́ọ̀dù mọ́ In sampler. Wọ́n á wá di bọ́tìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú. Arpeggiator yóò máa ké sí wọn ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà yóò sì máa lọ láìsí pé ìró kan tẹ̀ lé ara rẹ̀.

Kí ó má baà sáré ju orin lọ, sequencer ni kí ó máa fún un ní àkókò. MIDI ní ìṣísẹ̀ tirẹ̀ tí ó fi ń ka àkókò, 24 fún ìlù-ẹsẹ̀ kan. Bí wọ́n bá sọ fún arpeggiator pé kí ó máa tẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, yóò lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú ìlù-ẹsẹ̀ kan.

Ìlù tí kì í dákẹ́ ni ọ̀nà yìí dára fún: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní agbè, tàbí gúdúgúdú tí ó wà nínú ẹbí dùndún. Kò dára fún ìyáàlù, nítorí pé ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sì gbọ́dọ̀ mí.

Ọ̀nà kẹta: pípín ọ̀nà

Èyí ni ó gba iṣẹ́ jù, òun sì ni ó tọ́ sí ìyáàlù. Wọ́n á ṣe ètò ìró márùn-ún sínú sampler. Ètò kọ̀ọ̀kan ní ohùn ìsàlẹ̀, àárín àti òkè, wọ́n sì wà lórí bọ́tìnnì kan náà nínú gbogbo ètò: kí á sọ pé 48 fún ìsàlẹ̀, 52 fún àárín, 55 fún òkè. Ètò kìn-ín-ní yóò máa gbọ́ ọ̀nà 1, èkejì yóò máa gbọ́ ọ̀nà 2, títí dé ẹ̀karùn-ún. Nínú S1000, ètò tí wọ́n bá fún ní nọ́ńbà kan náà máa ń ṣiṣẹ́ papọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gbọ́ ọ̀nà tirẹ̀.

Láàárín kíbọ́ọ̀dù àti sampler, wọ́n á gbé ẹ̀rọ kan sí i tí ń yí ọ̀nà padà. Ó lè jẹ́ àpótí kékeré tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ MIDI, ó sì lè jẹ́ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: lílù àkọ́kọ́ kí ó lọ sí ọ̀nà 1, èkejì sí ọ̀nà 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 5, kí ó tún padà sí 1.

Ẹwà ètò yìí ni pé kò lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bọ́tìnnì ni ó ni ohùn, ọ̀nà ni ó ni ìró. Ọ̀nà yòówù tí lílù kan bá gbà, bí ó bá jẹ́ bọ́tìnnì 55 ni ọwọ́ tẹ̀, ohùn òkè ni yóò jáde. Agbára ìtẹ̀ pẹ̀lú wà lómìnira, nítorí náà ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ líle yóò gbọ́ ìró líle. Bí ìró kan kò bá sì tíì tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, wọn kò ní gé ara wọn lẹ́nu, níwọ̀n ìgbà tí sampler bá ní àyè láti gbé wọn jáde papọ̀.

Ohùn tí ó ń yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, èyí tí onílù fi ọwọ́ fún ọsán ṣe, kò ṣeé fi ìró mẹ́ta ṣe. Wọ́n lè ká a sílẹ̀ lọ́tọ̀ kí wọ́n fún un ní bọ́tìnnì tirẹ̀. Wọ́n sì lè lo kẹ̀kẹ́ tí ń tẹ ohùn lórí kíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni MIDI ń tẹ ohùn rẹ̀. Bí lílù bá wà lórí ọ̀nà 3, tí kẹ̀kẹ́ sì ń ránṣẹ́ sí ọ̀nà 1, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ àárín náà gbọ́dọ̀ darí kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà tí lílù wà.

Ìró mélòó ni ó yẹ kó máa yí po?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé mẹ́rin dára, nítorí pé mẹ́rin rọrùn láti kà. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Bí ìlù bá ń lọ ní lílù 16 nínú ìwọ̀n kan, tí ìró sì jẹ́ 4, ìró kan náà ni yóò máa bọ́ sí ibi kan náà nínú gbogbo ìwọ̀n, etí yóò sì tètè mọ̀ ọ́n. Bí ìró bá jẹ́ 5, ó di ìgbà tí ìwọ̀n 5 bá kọjá, ìyẹn lílù 80, kí ó tó padà sí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Agogo tí ó wọ́pọ̀ nínú orin Yorùbá máa ń lu ìgbà 7 láàárín ìwọ̀n tí ó ní ìṣísẹ̀ 12. Bí ìró agogo bá jẹ́ 7, lílù kọ̀ọ̀kan yóò ní ìró tirẹ̀ títí láé, bí ìgbà tí kò yí po rárá. Bí ó bá jẹ́ 5, yóò gbà á ní ìyípo 5 kí ó tó tún ara rẹ̀ ṣe. Òfin rẹ̀ ni pé kí iye ìró má ṣe pín iye lílù dọ́gba.

Àwọn kan á ní kí ẹ̀rọ kàn máa mú èyí tí ó bá wù ú. Ìyẹn náà ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n bí ìró bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni yóò tún èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù mú. Yíyí po ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ṣùgbọ́n babaláwo náà ní ọjọ́ tí ó ń dífá.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́

Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń dá olórin dúró. Èkìn-ín-ní ni ìró tí kò dákẹ́. Bí ẹ̀rọ bá rán lílù gba ọ̀nà 2, ọ̀nà 2 náà ni iṣẹ́ tí ó sọ pé ọwọ́ ti kúrò gbọ́dọ̀ gbà. Bí ó bá gba ọ̀nà 3, ìró tí ó wà ní ọ̀nà 2 kò ní gbọ́, yóò sì máa dún lọ. Fún ìlù, ọ̀nà àbáyọ tí ó yá jù ni láti sọ fún sampler pé kí ó lu ìró náà tán láìdúró de ìgbà tí ọwọ́ yóò kúrò. Ìṣàkóso MIDI nọ́ńbà 123 wà láti pa gbogbo ohun tí ó ń dún.

Èkejì ni ìyípo tí kò lópin. Bí Out kíbọ́ọ̀dù bá lọ sínú kọ̀ǹpútà, tí Out kọ̀ǹpútà sì padà sí In kíbọ́ọ̀dù kan náà, kíbọ́ọ̀dù lè máa rán ohun tí ó gbọ́ padà, kí iṣẹ́ náà máa yípo títí ẹ̀rọ yóò fi dákú. Kí wọ́n má ṣe so wáyà padà síbi tí ó ti wá bí kò bá sí ìdí.

Ẹ̀kẹta ni pé kíbọ́ọ̀dù tí ó ní ìró tirẹ̀ lè máa gbé ìró inú ara rẹ̀ jáde pẹ̀lú ti sampler, tí olórin á máa gbọ́ ìlù méjì papọ̀. Ètò kan tí ń jẹ́ Local wà nínú ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù; kí wọ́n pa á.

Ọ̀rọ̀ iná pẹ̀lú kò ṣeé fojú fò. Sampler àtijọ́ bíi S900 àti S1000 kì í rántí ohunkóhun bí iná bá lọ. Disíkì pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń gbé ìró padà sínú wọn, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan sì ni. Ní ilẹ̀ wa, tí iná lè lọ láàárín orin kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn, ẹni tí ó bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde láìní bátìrì tí yóò gbà á dúró ti fi ara rẹ̀ wewu. Àwọn ẹ̀rọ tuntun ti rọrùn sí i. MPC Live, tí Akai gbé jáde ní 2017, ní bátìrì nínú, ó gba ìró mẹ́rin sórí bọ́tìnnì kan nígbà tí ó jáde, ó sì ní ètò tí ń yí wọn po fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà ti àtijọ́ ni yóò mọ ohun tí ẹ̀rọ tuntun náà ń ṣe, yóò sì lè ju mẹ́rin lọ.

Ẹ̀tọ́ onílù

Kò tuntun kí ìlù Yorùbá gba inú ẹ̀rọ lọ sí ibi tí onílù kò dé. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, gbé Drums of Passion jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960, Santana sì tún ọ̀kan nínú orin rẹ̀ kọ ní 1969. King Sunny Adé gbé jùjú pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbàlódé dé iwájú ayé nínú àwo Juju Music ní 1982, Synchro System ní 1983 àti Aura ní 1984. Wasiu Ayinde wà lára àwọn tí ó mú kíbọ́ọ̀dù wọ inú fújì. Nínú gbogbo èyí, onílù wà lórí ìjókòó. Sampler ni ẹ̀rọ tí ó lè mú ìlù, kí ó fi onílù sílẹ̀.

Òfin tí ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ní Nàìjíríà, Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, fún ẹni tí ń ṣeré ní ẹ̀tọ́ lórí kíká eré rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, olórin tí ó bá pe ọmọ Àyàn kan pé kí ó wá lu ohùn 15 fún òun gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ fi í ṣe fún un, kí wọ́n jọ fi ọwọ́ sí iye owó rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìró tí wọ́n ká ní ọ̀sán kan lè máa ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún.

Ìdí mìíràn tún wà tí onílù fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ìṣirò tí ó lè sọ fún olórin bóyá ìlù tí ó tò sọ ohun tí ó ní lọ́kàn. Ìdánwò tí ó dájú kò gba ẹ̀rọ kankan. Kí ó jẹ́ kí ìyáàlù inú sampler náà lu gbólóhùn kan tí àwọn onílù ìlú náà ń lù, kí ó má sọ ohun tí ó jẹ́ fún ẹnikẹ́ni, kí ó sì pe àgbà onílù kan láti gbọ́ ọ. Bí àgbà náà bá lè fi ẹnu sọ ohun tí ìlù sọ láìbéèrè, ọ̀nà náà tọ́. Bí ó bá ní òun gbọ́ ìró, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀, kí olórin padà sí ìdí wáyà rẹ̀.